Fóltéèjì Gíga Nínú Ọkọ̀ Kékeré: Àgbéyẹ̀wò Kọntirólà fún Àwọn Ọlọ́kọ̀ Rìmóòtù Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ẹni tó bá ti dé Ìjẹ̀dẹ́, lápá Ìkòròdú, á ti rí àwọn òpó irin gàgàrà tó ń gbé wáyà jáde láti ilé iṣẹ́ mànàmáná Ẹ̀gbìn. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè pèsè mẹ́gáwáàtì 220, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 1,320. Iná yẹn kì í gun òpó ní fóltì 240 tí à ń lò nílé. Fóltì 330,000 ni wọ́n ń gbé e sókè sí kó tó máa lọ sí Ìkẹjà àti Ajá. Kò sí ilé tó ń lo fóltì 330,000, ṣùgbọ́n bí fóltéèjì bá ṣe ga tó ni káráǹtì tó máa gba inú wáyà ṣe máa kéré tó fún iṣẹ́ kan náà, káráǹtì ló sì ń mú wáyà gbóná. Kọntirólà fóltéèjì gíga tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ rìmóòtù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín iná bátìrì fún mọ́tò, orí òfin yìí kan náà ló dúró lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóltì bíi 33 péré ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà.

Mo gbé Ẹ̀gbìn síwájú torí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń wá kọntirólà 8S, ìyẹn ti bátìrì onísẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ, lónìí, eré ni wọ́n rò pé àwọn fẹ́ rà. Wọ́n ti rí fídíò ọkọ̀ kan tó ń fò lókè títì ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbà pé nọ́ńbà tó bá ga jù ló máa sáré jù. Ohun tí fóltéèjì gíga ń fún ni gan-an ni ìtutù: wáyà tutù, púlọ́ọ̀gì tutù, mọ́tò iná pẹ́ láyé. Èrò tèmi ni pé 6S tó fún ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ tí ẹ máa rí lórí pápá ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, 8S wà fún ọkọ̀ tó wúwo gan-an, owó tí ẹ bá sì fẹ́ fi kún un, orí àlàfo tó wà láàárín fóltì tí ẹ ń lò àti fóltì tí kọntirólà lè gbà ni kí ẹ ná an sí. Áḿpù tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí kò yẹ lẹ́ni tí ń náwó lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká mọ irú ọkọ̀ tí à ń sọ. Nígbà tí àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ nínú wa wà lọ́mọdé, agolo mílíìkì àti bàtà sílípáàsì tó ti gé la fi ń ṣe ọkọ̀, okùn la sì fi ń fà á. Lẹ́yìn náà ni ti oní-rìmóòtù dé, tí wọ́n ń rà fún ọmọ nígbà Kérésì, tí bátìrì rẹ̀ kò ju ti tọ́ọ̀ṣì lọ. Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ju ìyẹn lọ dáadáa. Àwọn kan wọn kìlógíráàmù 3 tàbí 4, àwọn ńlá inú wọn sì ju 8 lọ. X-Maxx tí Traxxas gbé jáde ní 2015 wà lára àwọn ńlá yẹn. Ilé iṣẹ́ náà ní ẹ̀yà rẹ̀ tó ń lo 8S lè sá ju máìlì 50 lọ ní wákàtí kan, ìyẹn bíi kìlómítà 80. Ní ọjọ́ 25 oṣù October, 2014, ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ oníbátìrì tí Nic Case kàn fúnra rẹ̀ sá máìlì 202 ní wákàtí, ó lé ní kìlómítà 325, Guinness sì kọ ọ́ sílẹ̀. Irin oníkìlógíráàmù mẹ́jọ tó ń sá tó ọ̀kadà kò ṣeé tú sílẹ̀ láàárín èrò ní Sábó Ìkòròdú. Ibi tí ó ṣófo ni wọ́n ti ń wà á, orí pápá ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ti lọ ilé tàbí ilẹ̀ iyanrìn tí wọn kò tíì kọ́lé sí.

Bátìrì tí wọ́n ń lò, líthíọ́mù tí à ń pè ní LiPo, sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń kà á. Fóltì 3.7 ni sẹ́ẹ̀lì kan nígbà tó bá wà ní ìwọ̀n àárín, 4.2 nígbà tó bá kún. 3S jẹ́ fóltì 11.1, 6S jẹ́ 22.2, 8S jẹ́ 29.6, 12S sì jẹ́ 44.4. Mọ́tò iná òde òní kò ní búrọ́ọ̀ṣì, wáyà mẹ́ta ló sì ní. Kọntirólà ló wà láàárín òun àti bátìrì. Ó ń gba iná wọlé ní wáyà méjì, ó sì ń pín in fún wáyà mẹ́ta náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nípa títan àti pípa àwọn tiransísítọ̀ kéékèèké tó tò sínú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, òun náà ló ń dá iná padà sínú bátìrì.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Ká ní ọkọ̀ yín nílò wáàtì 1,000 kó lè gun òkìtì iyanrìn kan. Pẹ̀lú 3S, áḿpù 90 ló máa gba inú wáyà. Pẹ̀lú 6S, áḿpù 45 ni. Káráǹtì dín sí ìdajì, àmọ́ ooru dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin, nítorí pé káráǹtì tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ ni ooru ń tẹ̀lé. Bí àpapọ̀ ìdènà tó wà nínú wáyà, púlọ́ọ̀gì àti kọntirólà bá jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún óòmù, 3S á sọ wáàtì 40 di ooru lásán, 6S á sọ 10 péré. Ọgbọ̀n wáàtì lẹ jèrè yẹn. Ẹ wá gun orí 8S: áḿpù di 34, ooru di wáàtì bíi 6. Èrè yín kò ju wáàtì 4 lọ. Ẹ tún gun 12S, ẹ jèrè 3 sí i. Ibi tí owó ti ń pọ̀ tí èrè ń kéré nìyẹn, àwọn tó ń tajà kì í sì í sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yí padà bí ọkọ̀ bá wúwo. Èyí tó ń fa wáàtì 3,000, bí ti àwọn oníkìlógíráàmù mẹ́jọ wọ̀nyẹn nígbà tí wọ́n bá ń gbéra láti ojú kan, áḿpù 135 ló máa gbà lórí 6S, wáàtì 91 á sì di ooru. Lórí 8S, áḿpù 101 ni, ooru rẹ̀ sì jẹ́ wáàtì 51. Ogójì wáàtì tí ẹ yọ kúrò lára wáyà, púlọ́ọ̀gì àti kọntirólà tó kéré ju àtẹ́lẹwọ́ lọ kì í ṣe nǹkan kékeré, pàápàá nínú oòrùn oṣù kẹta. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye sẹ́ẹ̀lì, ẹ kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ yín lé òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹja ní ọjà Olúwo l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti máa ń rí òfò jù ni mọ́tò iná tí wọn kò pààrọ̀ nígbà tí wọ́n gbé fóltì sókè. Gbogbo mọ́tò iná ló ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní KV. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú 330 kV ti Ẹ̀gbìn. Iye ìgbà tí mọ́tò máa yí ní ìṣẹ́jú kan fún fóltì kọ̀ọ̀kan ló ń sọ. Mọ́tò 2200 KV lórí 4S á yí ìgbà 32,560 ní ìṣẹ́jú kan bí kò bá gbé ẹrù. Ẹ gbé e sórí 6S, ó di 48,840. Ẹ gbé e sórí 8S, ó ti kọjá 65,000, ọ̀pọ̀ mọ́tò irú rẹ̀ ni wọn kò sì ṣe láti kọjá 60,000 tàbí kó tilẹ̀ tó o. Mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ lè tú, bíárínì á kígbe, ẹni tó rà á á sì máa bú kọntirólà. Bẹ́ẹ̀ mọ́tò 1100 KV lórí 8S á yí ìgbà 32,560 gẹ́lẹ́, eré kan náà pẹ̀lú 2200 lórí 4S, ṣùgbọ́n ìdajì káráǹtì ló máa lò. Ohun tí wọ́n ṣe fóltéèjì gíga fún nìyẹn. Bí ẹ bá gbé sẹ́ẹ̀lì sókè, ẹ sọ KV kalẹ̀, tàbí kí ẹ dín eyín jíà kékeré tó wà lẹ́nu mọ́tò kù. Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, kó dúró sórí bátìrì tó ní.

Kí ni a wá máa rí rà? Orúkọ ọjà yìí kò pọ̀. Castle Creations wà ní Olathe, ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà. Hobbywing wà ní Shenzhen ní Ṣáínà. Traxxas àti Arrma ń fi tiwọn sínú ọkọ̀ láti ilé iṣẹ́, Spektrum sì ni orúkọ tó wà lára ti Arrma. Fún ọkọ̀ kìlógíráàmù 3 sí 5, EZRUN MAX8 ti Hobbywing tó ń gba 3S dé 6S ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ: ó ti pẹ́ lọ́jà, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò wọ́n, àwọn tó mọ àìsàn rẹ̀ sì pọ̀. MAX6 tó ń gba dé 8S wà fún èyí tó wúwo jù bẹ́ẹ̀. Mamba XLX2 ti Castle, tí òpin rẹ̀ jẹ́ fóltì 33.6, lágbára gan-an, ó sì ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ara rẹ̀, tí ẹ fi lè so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́yìn eré kí ẹ wo bí bátìrì ṣe rẹ̀ sí àti ibi tí ooru dé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ nínú ọkọ̀ rẹ̀ máa gbádùn èyí ju eré fúnra rẹ̀ lọ. EZRUN MAX5 HV ló ń gba dé 12S. Àwọn tó yọ ẹ́ńjìnì epo kúrò nínú ọkọ̀ ńlá oníwọ̀n 1/5 kí wọ́n lè fi iná rọ́pò ni wọ́n ṣe é fún. Bí 12S bá kún, fóltì 50.4 ni, ó sì ti ń sún mọ́ ibi tí iná ti lè gbọn ènìyàn bí ọwọ́ bá tutù. N kò rí ohun tí ọmọ ogún ọdún fẹ́ fi ṣe lórí pápá.

Ẹ̀tàn méjì wà lójú ọ̀nà. Àkọ́kọ́ ni kọntirólà bàlúù. Ẹ máa rí i tí wọ́n kọ HV, ìyẹn fóltéèjì gíga, àti 120A sí i lára, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bàlúù kì í fi ẹ̀yìn rìn, nítorí náà kò sí rìfáàsì nínú rẹ̀, bíréèkì rẹ̀ kò sì ṣeé dá dúró sí. Afẹ́fẹ́ tí abẹ̀bẹ̀ bàlúù ń fẹ́ sí i lára ni wọ́n gbójú lé láti fi tù ú, ọkọ̀ tí ìdérí bò mọ́lẹ̀ kò sì ní irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ ní iná kékeré tó ń lọ sí rìsífà tó ń gba àṣẹ rìmóòtù àti sáfò tó ń yí táyà sọ́tùn-ún sósì.

Èkejì ni kọntirólà kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà oníbátìrì. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ MAX ti gbé ọ̀kadà oníná jáde, tí ti ilé iṣẹ́ Spiro sì ti kún Kútọnu àti Lomé, àwọn mẹkáníìkì wa ti ń mọ kọntirólà fóltì 48, 60 àti 72. Ẹni kan lè sọ pé ṣebí fóltéèjì gíga náà nìyẹn. Fóltì rẹ̀ ga lóòótọ́. Àmọ́ ó wúwo jù fún ọkọ̀ rìmóòtù, tírótù ọwọ́ ló ń gbọ́, kò gbọ́ èdè rìsífà, wọ́n sì ṣe é kó máa gbéra pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí ọlọ́kadà má baà ṣubú. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀kadà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àlàfo tí mo ní kí ẹ náwó lé. Tiransísítọ̀ inú kọntirólà ní fóltì tí kò gbọdọ̀ kọjá, iná tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kì í sì í dúró lójú kan. Bí ẹ bá tẹ rìmóòtù tí ẹ sì jáwọ́ lójijì, tàbí tí ẹ tẹ bíréèkì nígbà tí bátìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, fóltì máa ń fò sókè fún ìṣẹ́jú bíńtín. Àwọn kàpásítọ̀ rìbìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọntirólà ló ń gbé ìfòsókè yẹn mì. Wáyà bátìrì tó bá gùn ń mú kó burú sí i. Nítorí náà, bí bátìrì bá jìnnà sí mọ́tò, wáyà mẹ́ta tó lọ sọ́dọ̀ mọ́tò ni kí ẹ fà gùn. Ẹ jẹ́ kí ti bátìrì kúrú. Castle ń ta kàpásítọ̀ àfikún tí wọ́n ń pè ní CapPack fún àwọn tí kò lè ṣe é lọ́nà mìíràn, ó sì kéré lówó sí kọntirólà tuntun.

Bátìrì tí wọ́n ń pè ní LiHV tún ti dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀. HV tiẹ̀ túmọ̀ sí pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan lè kún dé 4.35 dípò 4.2. Ẹ so mẹ́jọ rẹ̀ pọ̀, fóltì 34.8 ni. Kọntirólà tí òpin rẹ̀ jẹ́ 33.6 ti kọjá ààlà kí táyà tó yí. Ẹni tó ra kọntirólà HV tó sì ra bátìrì HV rò pé àwọn méjèèjì bára mu; orúkọ ni wọ́n fi jọra.

Ẹ tún ṣọ́ra fún kíka sẹ́ẹ̀lì tí kọntirólà ń dá ṣe. Wọ́n kọ́ ọ láti gé iná kó tó di pé bátìrì bàjẹ́, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bá rẹ̀ dé bíi 3.2. Kí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní láti mọ iye sẹ́ẹ̀lì, fóltì tó bá rí nígbà tí ẹ so bátìrì ló sì fi ń fojú díwọ̀n. Bí ẹ bá so bátìrì 8S tí ẹ ti lò púpọ̀, tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wà ní 3.6, fóltì 28.8 ló máa rí. 7S tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún náà máa fún un ní 28.8. Bó bá gbà pé 7S ni, ìgbà tí iná bá rẹ̀ dé 22.4 ló máa tó gé e, sẹ́ẹ̀lì yín kọ̀ọ̀kan á sì ti dé 2.8. Bátìrì á wú. Wọ́n á ní ayédèrú ni. Ẹ fi ọwọ́ yín tẹ iye sẹ́ẹ̀lì sínú kọntirólà bó bá gbà bẹ́ẹ̀, bí kò bá sì gbà, ẹ má so bátìrì tí kò kún mọ́ ọn.

Ìró tó máa ń dún tán-ín nígbà tí ẹ bá so 6S tàbí 8S, pẹ̀lú iná tó ń bù yẹ̀rì, kàpásítọ̀ tó ṣófo ló ń mu iná lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ba kọntirólà jẹ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ojú púlọ́ọ̀gì títí tí ìdènà fi máa pọ̀ nínú rẹ̀, tí púlọ́ọ̀gì á sì máa gbóná. Púlọ́ọ̀gì XT90-S ní nǹkan kékeré nínú tó ń jẹ́ kí iná wọlé díẹ̀díẹ̀. Láti 6S lọ sókè, òun tàbí AS150 ni kí ẹ lò. Ẹni tó ń jó lẹ́ẹ̀dì fún yín gbọ́dọ̀ ní áyọ́ọ̀nù tó gbóná dáadáa. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe fóònù kò lè yọ́ lẹ́ẹ̀dì wọ inú wáyà tó nípọn bẹ́ẹ̀, á kàn lẹ̀ mọ́ ọn lára ni.

Áḿpù tó wà lára páálí, n kò fẹ́ sọ púpọ̀ lórí rẹ̀. 160A ti ilé iṣẹ́ kan kì í ṣe 160A ti ibòmíràn, kò sì sí ẹnìkan tó ń sọ fún yín bí afẹ́fẹ́ ṣe tutù tó nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Bátìrì náà ń purọ́: 5,000 mAh tí wọ́n kọ 50C sí lára, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé áḿpù 250 lè jáde nínú rẹ̀, wáyà tó gbé e wá kò sì nípọn tó láti gbé ìyẹn fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo ìwọ̀n kọntirólà, ìtóbi irin tó ń gbé ooru kúrò, àti sísanra wáyà rẹ̀.

Ooru ni ọ̀ràn ibí yìí. Ọ̀pọ̀ kọntirólà ń gé iná nígbà tí inú wọn bá dé bíi ìwọ̀n Celsius 105. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ní ìlú tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 20 ní ìwọ̀n 85 lọ́wọ́ kó tó dé ibẹ̀. Ní Ìkòròdú lọ́sàn-án oṣù kejì, nígbà tí ìgbóná bá wà ní 33, 72 ló kù, oòrùn kò sì tíì dé ara ìdérí ọkọ̀ tí ẹ kùn ní dúdú. Nítorí náà ẹ má gba ìmọ̀ràn jíà láti ẹnu ẹni tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù láì dín eyín kan tàbí méjì kù. Ẹ gé ojú fèrèsé sí ẹ̀yìn ìdérí kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè ríbi jáde. Iyanrìn tún ń fi kún un, torí pé táyà tó ń wọlẹ̀ ń béèrè káráǹtì ju èyí tó wà lórí kọ́ńkéré lọ fíìfíì. Ojú ilẹ̀ iyanrìn funfun ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ burú ju ilẹ̀ pupa Ìkòròdú lọ lórí èyí. Ilẹ̀ pupa ní tiẹ̀, eruku rẹ̀ ló ń di fáànù.

Ẹ máa wọn ìgbóná mọ́tò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá yí jíà padà. Bí ó bá ti kọjá 80, ẹ dúró. Ìbọn tí wọ́n ń nà sí iwájú orí wa lẹ́nu ọ̀nà báǹkì nígbà Kòrónà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé ìgbóná ara ènìyàn nìkan ló mọ̀. Bó bá ti ju 43 tàbí bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní ohun tó máa sọ. Ti àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ amúlétutù ni kí ẹ yá.

Omi kò le tó bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. MAX8 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àmì IP67, èyí tó túmọ̀ sí pé omi kò lè wọ inú ara wọn. Fáànù wọn àti ojú púlọ́ọ̀gì kò sí nínú àdéhùn yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ dára fún eré, ṣùgbọ́n bí omi bá fi lè ní iyọ̀ díẹ̀ nínú, ẹ fi omi mímọ́ ṣan ọkọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an kí ìpẹtà tó jẹ bíárínì àti ìdí púlọ́ọ̀gì.

Ibi tí ọ̀ràn fóltéèjì gíga ti di ọ̀ràn ará Èkó gan-an ni pápákọ̀ òfuurufú. Ọ̀pọ̀ bátìrì wọ̀nyí, inú báàgì ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń bọ̀ láti òkèèrè ni wọ́n ń gbà wọlé, torí pé láti oṣù kẹrin 2016 ni wọn kò ti gba bátìrì líthíọ́mù tó dá wà mọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹrù nínú bàlúù tó ń gbé èrò. Òfin bàlúù ni pé bátìrì tí kò sí nínú ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ wọ àpótí tí wọ́n ń kó sábẹ́. Ọwọ́ ni kí ẹ gbé e sí. Èyí tí kò ju wáàtì-wákàtí 100 lọ kò nílò àṣẹ. Láàárín 100 sí 160, ẹ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bàlúù, kò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ. Ju 160 lọ, kò wọlé rárá. Ẹ wá fi èyí wo bátìrì: 6S oní-5,000 mAh jẹ́ wáàtì-wákàtí 111. 8S oní-5,000 jẹ́ 148. Àwọn méjèèjì nílò àṣẹ, òṣìṣẹ́ tó bá ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sì lè gbà á lọ́wọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n 3S oní-5,000 kò ju 56 lọ, 4S oní-5,000 sì jẹ́ 74. Ẹ ra 3S méjì, kí ẹ fi wáyà kan so wọ́n tẹ̀lé ara wọn, 6S nìyẹn. Ẹ ra 4S méjì, 8S nìyẹn. Ọ̀nà tí X-Maxx àti Kraton 8S ti Arrma ń gbà ṣe é láti ilé iṣẹ́ wọn gan-an nìyẹn.

Méjì yìí tún ń ṣe ọ̀pọ̀ àǹfààní. Ọ̀pọ̀ ṣájà tí kò wọ́n kò kọjá 6S, ẹni tó ra 8S kan ṣoṣo á sì tún ra ṣájà ńlá. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ìdajì lẹ pàdánù. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni pé kí àwọn méjèèjì jẹ́ ọjọ́ orí kan náà àti ìwọ̀n kan náà, kí ẹ má sì so èyí tó kún mọ́ èyí tí ẹ ti lò.

Ní ti iná tí ẹ máa fi ṣájì, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n dá iye tuntun ti Band A, ìyẹn àwọn àdúgbò tó ń rí iná jù, sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 2024, náírà 225 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí wákàtí kìlówáàtì kan. Bátìrì 6S oní-5,000 kan kò jẹ tó 30 náírà nínú ẹ̀. Àkókò ni ìṣòro, torí pé àdúgbò tí kò sí nínú Band A kò mọ ìgbà tí iná máa dé, àwọn ará Ìkòròdú tó ń wo wáyà Ẹ̀gbìn lókè orí wọn lójoojúmọ́ sì mọ òkùnkùn dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí ẹni tó fi bátìrì sílẹ̀ lórí ṣájà kó lè bá iná òru pàdé. Ẹ má ṣe é. LiPo tó bá gbiná kò dúró de ẹni tó ń sùn. Ẹ ra ṣájà tó lè gba fóltì 12 láti ara bátìrì ọkọ̀ tàbí ti sólà, kí ẹ ṣájì lójú yín lọ́sàn-án nínú ìkòkò tàbí lórí búlọ́ọ̀kù, pẹ̀lú garawa iyanrìn nítòsí. Bí ẹ kò bá ní lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi sí 3.8 fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ti LASU ní Ẹ̀pẹ́, ti ọgbà Yabatech níbẹ̀, àti ti LASUSTECH ní Ìkòròdú, tó ń jẹ́ Laspotech títí di 2022, ni mo ní lọ́kàn fún ìpínrọ̀ yìí. Ọkọ̀ iṣẹ́ àṣekágbá tó ń gbé kámẹ́rà tàbí tó ń wọn ilẹ̀ kò nílò 8S. Ohun tó nílò ni mọ́tò tó ní sẹ́ńsọ̀, kó lè gbéra pẹ̀lẹ́ láì ta gìjà, àti kọntirólà tó ní okùn sẹ́ńsọ̀ náà. Ẹ wo iná kékeré tó ń fún sáfò pẹ̀lú. Sáfò ńlá tó ń yí táyà ọkọ̀ oníkìlógíráàmù mẹ́jọ lè fa áḿpù tó ju 6 lọ nígbà tó bá há, 6 náà sì ni MAX8 lè pèsè. Bí ọkọ̀ bá ń sọ rìmóòtù nù nígbà tí ẹ bá yí kọ̀nà, tó sì ń padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó ra rìmóòtù mìíràn.

Láti oṣù kẹfà 2023 tí Báǹkì Àpapọ̀ ti jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ fún ọjà, tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń rà, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀ bí ẹ bá mú mítà lọ́wọ́. Ẹ wo orí kàpásítọ̀: ó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, bó bá ti wú, ó ti ṣiṣẹ́ jù. Ẹ gbóòórùn rẹ̀, tiransísítọ̀ tó jó kì í pa òórùn mọ́. Ẹ yọ bátìrì àti mọ́tò kúrò lára rẹ̀, ẹ gbé mítà sí ibi tó ń dún, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan mọ́ wáyà pupa, ẹnu kejì mọ́ wáyà mọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú wáyà dúdú. Bó bá dún gbọọrọ láì dákẹ́ ní ibi kan ṣoṣo nínú wọn, tiransísítọ̀ kan ti kú sínú rẹ̀. Ẹ gbé e padà fún ẹni tó ń tà á, ẹ má tilẹ̀ ná an mọ́.